Odò tí mo kùn dà bíi títì: báwo làwọn ayàwòrán Dutch ṣe ń ṣe tiwọn?

Atọ́dàwò:

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ ọnà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i kí n tó fi ọ̀bẹ ya kánfáàsì yìí. Ó ti tó oṣù méjì báyìí tí mo ti ń ṣe àdàkọ àwòrán odò kan, iṣẹ́ Salomon van Ruysdael, èyí tó kùn lọ́dún 1649 tó wà ní National Gallery of Art ní Washington. Wọ́n gbé fọ́tò ẹ̀ síta lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá wù lè dáńlóòdù ẹ̀, ó sì mọ́ débi pé tẹ́ ẹ bá fẹ̀ ẹ́ dáadáa ẹ máa rí ibi tí búrọ́ọ̀ṣì gbà kọjá.

Kò le lójú rárá. Odò tó lọ gbọọrọ, igi ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọkọ̀ pẹrẹsẹ kan tó ń kó èèyàn àti màálù sọdá, ọkọ̀ onígbòkun lọ́ọ̀ọ́kán, ó parí. Mo rò pé ẹ̀rín ni màá fi ṣe é.

Nǹkan tó jáde báyìí, sánmà dà bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, odò dà bíi títì, ọkọ̀ wá jókòó sórí títì yẹn bíi bọ́ọ̀sì tí táyà ẹ̀ jò, àfi bíi pé àwọn màálù inú ẹ̀ ń dúró de mẹkáníìkì. Búlúù inú túùbù ni mo lò fún sánmà, mo fi funfun là á, mo ya ìgbì tín-ín-tìn-ín sójú omi kó lè hàn pé omi ni, gbogbo igi àti ọkọ̀ tó wà lókè ni mo sì tún kùn sínú omi bó ṣe wà gẹ́lẹ́, mo kàn dorí ẹ̀ kodò ni.

Kí ni mò ń ṣe tí ò dáa? Àti pé kí ló dé tí gbogbo iṣẹ́ àwọn èèyàn yìí fi rí bí eérú àti ilẹ̀, ṣé oòrùn kì í ràn níbẹ̀ ni?

ÌyáKánfáàsì:

Pẹ̀lẹ́ àbúrò mi, má ya nǹkan kan. Lọ mú rúlà. Wọn ibi tí sánmà ti kan ilẹ̀ nínú ti Salomon, kó o wá wọn tìẹ. Mi ò tíì rí i o, ṣùgbọ́n mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé tìẹ wà láàárín gbùngbùn, torí ibẹ̀ ni gbogbo wa máa ń fi í sí nígbà tá a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Tiwọn máa ń wà nísàlẹ̀ pátá. Ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ìlú àwọn Dutch yìí, tẹ́ lọ salalu, kò sí òkè tó máa dí ojú, ẹni tó bá dúró létí odò níbẹ̀, sánmà ló máa gba gbogbo ojú ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wọn sánmà ń gba ìdá méjì nínú mẹ́ta, nínú òmíì á tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Àbúrò, sánmà làwọn èèyàn yẹn ń kùn o, odò kàn jẹ́ ibi tí sánmà ti padà sọ̀kalẹ̀ wá ni. Ibi tó o ti ṣìnà nìyẹn. Ìwọ kùn sánmà lọ́tọ̀, o kùn omi lọ́tọ̀, bí ẹni pé wọn ò mọ ara wọn rí.

Kánfáàsì funfun yẹn náà, má fi í bẹ̀rẹ̀ mọ́. Fi ọ̀dà tó fara jọ àwọ̀ ilẹ̀ tàbí àwọ̀ oyin tó ti ṣí pa á látòkè délẹ̀, kó fẹ́lẹ́, jẹ́ kó gbẹ. Lẹ́yìn náà kùn sánmà tán kó o tó fọwọ́ kan omi. Àdàlù tó o lò lókè, òun náà ni kó o mú wá sísàlẹ̀ nígbà tó ṣì tutù, kó o fi búráùn díẹ̀ pa iná ẹ̀. Omi tó jìn sí wa lọ́hùn-ún ló máa mọ́lẹ̀ jù, torí sánmà nìkan lójú ń rí lára ẹ̀, èyí tó wà lẹ́sẹ̀ wa níbí á dúdú díẹ̀ torí ojú ti ń wọnú ẹ̀ lọ. Tó o bá kùn ún bákan náà láti ibí dé ọ̀hún, títì lo máa rí, àní títì ọlọ́dà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ òjìji, ìyẹn bí ohun tó wà lókè ṣe ń hàn nínú omi. Omi kì í rí ohun tí ìwọ ń rí. Ìwọ dúró létí odò, ò ń wo màálù láti ẹ̀gbẹ́, omi wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ikùn màálù ló ń wò. Torí náà ikùn ẹran àti abẹ́ ọkọ̀ ló máa gbawájú nínú òjìji, ẹ̀yìn ẹran ò ní fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ohun tó dúdú lókè á ṣí díẹ̀ nínú omi, ohun tó funfun lókè á ṣú díẹ̀. Èèyàn ò ní mọ̀ tó bá rí i, ṣùgbọ́n tí ò bá sí níbẹ̀ ara á kàn máa sọ fún un pé nǹkan kan ò lọ déédéé.

Àwọn ìgbì yẹn, jọ̀ọ́, pa wọ́n rẹ́. Gbogbo wọn.

Ojú_lalákàn:

Ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n kí lẹ̀ ń rí nínú àwọn àwòrán yìí gan-an? Mo ti dé Rijksmuseum ní Amsterdam, ilé ńlá tí wọ́n ń kó àwòrán sí, mo rìn títí ẹsẹ̀ fi ń dùn mí. Odò, ọkọ̀, màálù, ìkùukùu. Mo bá wọ yàrá kejì, odò, ọkọ̀, màálù, ìkùukùu. Bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé ẹnì kan ṣoṣo ló kùn gbogbo ẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà mi ò ní bá a jiyàn. Ẹyọ kan ló dá mi dúró, ti Aelbert Cuyp, tàwọn tó gun ẹṣin létí odò, torí oòrùn wà nínú ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yẹ́lò kan báyìí tó dà lé gbogbo nǹkan bí oyin. Ìyẹn dùn ún wò. Àwọn tó kù yẹn, òwò ni wọ́n ń ṣe, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Bàbá_Arókìn:

Òwò ni lóòótọ́, kí ló wá burú níbẹ̀? Ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Nẹ́dálándì nígbà yẹn ò gba àwòrán sára ògiri ẹ̀ mọ́, torí náà iṣẹ́ tí ayàwòrán máa ń rí lọ́dọ̀ àlùfáà lórílẹ̀-èdè míì ti lọ níbẹ̀. Ta ló kù? Oníṣòwò, ẹni tó ń pọn ọtí, ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì, ẹni tó ní yàrá kan péré tó sì fẹ́ kí nǹkan wà lára ògiri ẹ̀. Àwọn yẹn ò fẹ́ àwòrán ọba, odò tí wọ́n ń wọkọ̀ gbà lọ sọ́jà ni wọ́n fẹ́ rí.

Ẹ wo Jan van Goyen, ọmọ Leiden, wọ́n bí i ní 1596. Ó lọ kọ́ṣẹ́ ní Haarlem lọ́dọ̀ Esaias van de Velde, ó padà wá ń gbé The Hague. Àwòrán tó kùn lé ní 1,000. Báwo lèèyàn ṣe ń kùn tó bẹ́ẹ̀? Pákó oak pẹlẹbẹ ló sábà máa ń lò, ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àwọ̀ ò pọ̀, búráùn, eérú, yẹ́lò díẹ̀, ewé díẹ̀, kò ní dúró kí ìpele kan gbẹ kó tó gun òmíì lé e. Ó yá, kò sì náni lówó púpọ̀, ẹni tí ò lówó rẹpẹtẹ náà á rí i rà.

Ìtàn kan wà tí Samuel van Hoogstraten, òun náà ayàwòrán, kọ sílẹ̀ ní 1678. Ó ní àwọn ayàwòrán mẹ́ta kan fi ara wọn dán wò, Knibbergen, van Goyen àti Porcellis, pé kí kálukú wọn kùn àwòrán kan láàárín ọjọ́ kan. Knibbergen jókòó ó ń kùn ún bí ẹni tó ń kọ lẹ́tà, sánmà, òkè, igi, gbogbo ẹ̀ ń jáde lọ́wọ́ ẹ̀ bó ṣe mọ́ ọn lára. Van Goyen ní tiẹ̀ kàn fi ọ̀dà ra gbogbo pákó, ó ṣú níbí, ó mọ́ lọ́hùn-ún, bíi pákó tọ́mọdé fi ọwọ́ ẹlẹ́rọ̀fọ̀ pa, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwòrán nínú ẹ̀, ilé jáde, ọkọ̀ jáde, èbúté jáde. Porcellis ò fọwọ́ kan nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́, wọ́n rò pé ó ń ṣọ̀lẹ ni, àṣé inú orí ẹ̀ ló ti ń yà á. Porcellis ló borí o. Ṣùgbọ́n èmi, ti van Goyen ló wọ̀ mí lára, torí tẹ́ ẹ bá sún mọ́ iṣẹ́ ẹ̀ ẹ máa rí i pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí, nǹkan ràràrà kan ni, tẹ́ ẹ bá fi ẹsẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ó di etí odò láàárọ̀.

Owó ò sì dúró lọ́wọ́ ẹ̀. Ìlú The Hague san 650 guilder, owó Nẹ́dálándì, fún un ní 1651 lórí àwòrán ìlú wọn, owó ńlá nìyẹn nígbà yẹn, síbẹ̀ nígbà tó kú ní 1656 gbèsè tó fi sílẹ̀ tó 18,000 guilder. Ilé àti ilẹ̀ ló ń rà tó ń tà, ó sì tún kówó lé òdòdó tulip ní ìbẹ̀rẹ̀ 1637, ìgbà tí ọjà òdòdó yẹn fẹ́ dojú dé gan-an ló kó sí i. Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ.

Ní ti eérú tí Atọ́dàwò bi wá, oòrùn ń ràn níbẹ̀ o. Ohun méjì ló fà á. Ìkíní, àwọn tó kùn ní nǹkan bí 1630 sí 1640 fẹ́ kí àwòrán ní ohùn kan ṣoṣo, kí sánmà, omi àti ilẹ̀ jọ mí pọ̀, bí ọjọ́ tí òjò fẹ́ rọ̀ tí ò tíì rọ̀. Ìkejì, díẹ̀ nínú eérú yẹn kì í ṣe eérú látilẹ̀. Búlúù tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn nígbà yẹn ni smalt, gíláàsì tí wọ́n fi cobalt sọ di búlúù tí wọ́n wá lọ̀ kúnná. Tó bá pẹ́ nínú epo, búlúù yẹn á ṣá, á di eérú. Sánmà míì tẹ́ ẹ̀ ń rí bí eérú lónìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ní búlúù lára lọ́jọ́ tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó kùn ún.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù, Salomon van Ruysdael tí wọ́n ń ṣe àdàkọ ẹ̀ yìí, ó wà nínú ìwé ìlú Haarlem ní 1651 pé ó ń ta aró búlúù fáwọn tó ń sọ aṣọ ọ̀gbọ̀ di funfun níbẹ̀.

Atọ́dàwò:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé gan-an. Mo wọ̀n ọ́n. Ààrin gbùngbùn ló wà, bí ìyá ṣe wí, ojú tì mí.

Ẹni tó ń ta aró ni Salomon! Ọkùnrin tó ní búlúù nílé tó sì ń fi wọ́n-ọn-wọ́n lò ó, èmi tí mo ra túùbù kan ṣoṣo, mo fọ́n gbogbo ẹ̀ sójú ọ̀run.

Ìbéèrè míì. Mo ti ń wá àwọn ilé gogoro inú iṣẹ́ wọn lórí máàpù kí n lè rí bí ibẹ̀ ṣe rí ní tòótọ́, ọ̀kan máa ń bọ́ síbi tó yẹ, òmíì ò bọ́ síbì kankan. Ṣé ibi tó wà lóòótọ́ ni wọ́n ń kùn?

Alárìnká:

Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo ti rin àwọn ibẹ̀ díẹ̀. Nijmegen létí odò Waal, van Goyen kùn ààfin orí òkè kékeré tó wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, Valkhof lorúkọ ẹ̀. Ẹ lọ síbẹ̀ lónìí, ẹ ò ní bá ààfin, wọ́n ti wó o ní 1796 sí 1797, ilé àdúrà kékeré kan àti àwókù ògiri ló ṣẹ́ kù. Mo mú àwòrán ẹ̀ dání lórí fóònù, mo dúró sí òdìkejì omi. Ojú odò ṣì rí bẹ́ẹ̀, ó fẹ̀, ó lọ́ díẹ̀, ọkọ̀ ẹrù gígùn ń kọjá níbi tí ọkọ̀ onígbòkun wà tẹ́lẹ̀. Sánmà nìkan ni ò yí padà rárá. Ìkùukùu kan wá, omi ṣú láti ọ̀dọ̀ mi dé ìdajì, ìdajì tó kù ń dán bíi tánganran, ìlà ibi tí wọ́n ti pín sọ́tọ̀ gún bí ẹni fi rúlà fà á. Ohun tí mo ti ń rí nínú àwòrán tí mo rò pé wọ́n kàn ṣe láti fi dára ni o, mo wá rí i lójú ara mi.

Ṣùgbọ́n onírìn àti ojúlówó onírọ́ ni van Goyen! Á mú ìwé àti ṣọ́ọ̀kì dúdú, á rìn láti ìlú dé ìlú, á yà ohun tó bá rí, tó bá délé á wá tò ó bó ṣe wù ú. Ẹnubodè kan wà lẹ́bàá Utrecht, Pellekussenpoort, ó kùn ún lóríṣiríṣi, lónìí á fi ilé gogoro kún un, lọ́la á yọ ọ́, omi á fẹ̀ jù bó ṣe yẹ lọ. Torí náà má wá máàpù kiri mọ́. Wọ́n mọ ibẹ̀ débi pé wọ́n lè purọ́ nípa ẹ̀ kó sì dúró.

Ojú_lalákàn, nígbà míì tẹ́ ẹ bá padà sí irú yàrá bẹ́ẹ̀, ẹ yan ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ fojú sún mọ́ ọn títí ẹ̀ṣọ́ fi máa ní kẹ́ ẹ sún sẹ́yìn. Nínú sánmà van Goyen mo rí àwọn ìlà tín-ín-rín tó gba ẹ̀gbẹ́ lọ, mo rò pé afẹ́fẹ́ ló kùn, àṣé ara igi ni. Ọ̀dà yẹn fẹ́lẹ́, ó sì ń mọ́ gaara bọ́dún ṣe ń gorí ọdún, igi abẹ́ ẹ̀ wá ń yọjú.

Ojú_lalákàn:

Ó dáa, mo gbọ́. Mo ṣì fẹ́ràn Cuyp jù o. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ní kò dé Ítálì rí? Dordrecht ló wà, ìmọ́lẹ̀ yẹ́lò yẹn, lára iṣẹ́ Jan Both tó ti Ítálì dé sí Utrecht ló ti kọ́ ọ. Òun náà kó oòrùn ibòmíì wá sórí odò tiwọn. Gbogbo wọn lonírọ́, àmọ́ irọ́ tèmi móoru.

Bàbá_Arókìn:

Hàhà, mo gbà.

Atọ́dàwò, kó o tó gbé ọ̀bẹ yẹn, ṣé o mọ ohun tójú àwòrán tó ò ń ṣe àdàkọ ẹ̀ ti rí? Ọwọ́ Jacques Goudstikker ló wà, Júù kan tó ń ta àwòrán ní Amsterdam. Nígbà táwọn ọmọ ogun Jámánì wọ Nẹ́dálándì ní May 1940, ó kó ìyàwó àti ọmọ, wọ́n bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi. Lóru, ó jìn sínú ihò ibi tí wọ́n ń kẹ́rù sí nínú ọkọ̀, ó sì kú. Ìwé kékeré kan wà lára ẹ̀ tó kọ iṣẹ́ tó lé ní 1,000 sí. Göring, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ìjọba Hitler, kó àwọn àwòrán ẹ̀. Ogun parí, wọ́n gbé e padà wálé, ìjọba Nẹ́dálándì gbà á, àwòrán yìí wá wà ní Rijksmuseum fọ́dún gbọọrọ. Ọdún 2006 ni wọ́n tó dá 202 nínú ẹ̀ padà fáwọn tó jogún ọkùnrin yẹn, Washington wá rà á ní 2007. Àwọn èèyàn inú ọkọ̀ yẹn ń sọdá odò kékeré wọn jẹ́jẹ́, wọn ò mọ nǹkan kan.

Atọ́dàwò:

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo dákẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Ọ̀bẹ tí mo fẹ́ fi ya á, òun ni mo fi ha sánmà kúrò. Mo ha á lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kejì mo tún gbà á pé kí n fi búlúù díẹ̀ sí i, ọwọ́ mi ò gbọ́ràn, mo tún ha á.

Lẹ́ẹ̀kẹta, mo pa kánfáàsì láró ilẹ̀, mo fa ìlà ibi tí sánmà ti kan ilẹ̀ wálẹ̀ dé ibi tí Salomon fà á dé, ẹ̀rù bà mí, ó dà bíi pé ilẹ̀ ò kù fún mi mọ́. Mo wá kùn sánmà ní ìjókòó kan, mo mú ohun tó kù lórí páálí ìpo-ọ̀dà, mo fi búráùn díẹ̀ sí i, mo fà á gba ojú omi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á tán ni, mi ò tíì fi ọkọ̀ kankan sí i, omi ti wà níbẹ̀. Mo dìde, mo lọ fọ búrọ́ọ̀ṣì, mo padà wá wò ó bóyá ó ti lọ. Ó ṣì wà.

Ọkọ̀ náà ti léfòó báyìí. Mo kùn ikùn màálù sínú omi bí ìyá ṣe ní kí n ṣe, màálù pupa méjì dáa, ti funfun yẹn ló ń dà mí láàmú, òjìji ẹ̀ dà bí ẹyẹ pẹ́pẹ́yẹ tó ń wẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀.

ÌyáKánfáàsì:

Ó mọ́lẹ̀ jù ni. O ti gbàgbé, ohun tó funfun lókè gbọ́dọ̀ ṣú díẹ̀ nísàlẹ̀. Mú eérú ojú omi yẹn gan-an, fi búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ fà á kọjá lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, má padà sí i. Fọ́tò dà?

Atọ́dàwò:

Ó ń bọ̀, mà. Ẹ jẹ́ kí pẹ́pẹ́yẹ kọ́kọ́ gbẹ.